Mo rí gègé Parker "51" kan ní ṣọ́ọ̀bù nǹkan àtijọ́, ṣé kí n rà á?

ỌmọTíṣà_Peckham
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, kíá sì ni mo fẹ́ ẹ kí ẹlòmíì má baà gbé e lọ. Mo ya ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan àtijọ́, mi ò tiẹ̀ ní nǹkan kan lọ́kàn, àfi bí mo ṣe rí àwo kan tí wọ́n kó àwọn gègé sí láàárín ṣíbí fàdákà àti àwọn aago tí ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀kan dúdú níbẹ̀, irin ni wọ́n fi ṣe ìdérí ẹ̀ àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dán, kílíìpù ẹ̀ rí bí ọfà, ẹnu ẹ̀ wá fara pamọ́ sínú, góńgó ẹ̀ bín-ín-tín ló yọ síta. Wọ́n kọ Parker "51" sí i pẹ̀lú Made in England. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní £45 ni, òun ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń kọ̀wé, tí mo bá sì ti rà á kò sí dídá padà. Ó ti bá mi gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan di ọ̀la. Bíírò lèmi mọ̀ o, mi ò ra irú èyí rí. Kí ni kí n wò lára ẹ̀? Ṣé owó yẹn ò pọ̀ jù?

Alákọ̀wé_Mọ́kọ́lá
Parker 51 ní £45, o tún ń bi wá? Rà á jàre! Tó ò bá fẹ́, fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ránṣẹ́ sí mi 😂

Bọ̀dáOnígègé
Ẹ má dá Alákọ̀wé lóhùn, ẹ má sáré. Méjì lè wà nínú àwo kan náà, kí ọ̀kan máa kọ geere kí èkejì ti kú pátápátá, ojú lásán ò sì lè fi wọ́n hàn yín. Manchester ni mo wà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tún wọn ṣe nílé fún ara mi àtàwọn ọ̀rẹ́, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó jẹ́ ná. Ọdún 1941 ni Parker 51 bọ́ sọ́jà ní Amẹ́ríkà, oríṣi méjì ló sì pín sí téèyàn bá ń wo bó ṣe ń fa tàdáwà. Àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ títí di 1948, Vacumatic ni wọ́n ń pè wọ́n, tẹ́ ẹ bá wo ìdí ẹ̀ lọ́hùn-ún ẹ máa rí ìlà tó yí i ká, ọmọrí kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó ń ṣí, abẹ́ ẹ̀ lẹ máa bá ohun tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀. Rọ́bà kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń bàjẹ́ tó bá ti gbó, ẹni tó ní irinṣẹ́ ẹ̀ ló sì lè pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 ni Aerometric, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà pé òun lẹ rí. Ẹ di iwájú òrùka irin tó wà láàárín mú, ẹ yí apá ìdí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á tú. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀pá irin kékeré nínú ẹ̀ tí wọ́n fín àlàyé sí lára, tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ìlà ìlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ téèyàn lè tẹ̀, Aerometric nìyẹn. Àpò tó wà nínú ọ̀pá yẹn kì í ṣe rọ́bà, ike ni, ìdí sì nìyẹn tí kì í fi í jẹrà bíi tàwọn yòókù. Mo ti fọwọ́ ara mi fọ èyí tó dàgbà jù mí lọ, tó sì fa tàdáwà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ bẹ ìyá yẹn kó fún yín lómi tútù nínú ife. Omi o, ẹ má gbé tàdáwà wọ ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù. Ẹ ki ẹnu ẹ̀ bọ omi, ẹ tẹ irin yẹn kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ̀, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Tí afẹ́fẹ́ bá ń hó jáde nínú omi, ọ̀nà là nìyẹn. Ẹ wá gbé e sókè lórí ife kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́, tó bá tu omi jáde, ó ń fà. Tí afẹ́fẹ́ bá jáde ṣùgbọ́n tí kò fa nǹkan kan, àpò lè ti lu. Tí ohunkóhun ò bá jáde rárá, tàdáwà tó ti gbẹ ló dí i, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ le, omi á tú u.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni góńgó. Irin líle kan wà lórí góńgó gègé tó rí roboto, òun ló ń fara kan ìwé torí góòlù rọ̀ jù, ìwé á jẹ ẹ́ tán. Tí roboto yẹn bá ti ré lápá kan, ẹ dá a padà sínú àwo, mi ò kọ̀ kí ìdérí ẹ̀ jẹ́ góòlù. Títún un ṣe lè wọ́n ju iye tẹ́ ẹ ra gègé fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání, tí ò bá sí, ẹ fi kámẹ́rà fóònù yín súnmọ́ ọn. Ojú méjèèjì góńgó yẹn gbọ́dọ̀ ṣe déédéé, kí ọ̀kan má ga ju èkejì. Ẹ wá fi èékánná yí ẹnu ìdérí àti ara gègé ká, ibi tó bá ti sán, èékánná á kọ́ ọ kí ojú tó rí i.

Owó tó pè yẹn ò burú, kò sì pọ́ọ́kú. Lọ́wọ́ ẹni tó ti tún un ṣe tán ẹ lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àmọ́ ìyá yẹn ò tíì dán an wò, torí náà ẹ ná an.

ÌyáÌbejì_Houston
Bọ̀dá, ẹ ti sọ ọ́ tán, kò kù fún wa. Èmi fẹ́ kàn fi ti ọ̀dọ̀ wa níbí kún un. Ilé ẹni tó ti dolóògbé ni mo ti máa ń rí wọn jù, àwọn ọmọ á kó ẹrù bàbá wọn síta lópin ọ̀sẹ̀, gègé á wà nínú páálí kan náà pẹ̀lú awò ojú àti àwọn kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilẹ̀kùn wọn mọ́. Ibẹ̀ dáa ju ṣọ́ọ̀bù lọ, torí oníṣọ́ọ̀bù ti lọ wo iye ẹ̀ lórí eBay kó tó kọ owó sí i. Janesville ní Wisconsin ni wọ́n ti ń ṣe àwọn tibí, ibẹ̀ náà ni George Parker ti dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ ní 1888. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ Made in U.S.A. sí, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ dáadáa, nọ́ńbà kékeré kan lè wà níbẹ̀, òun ni nọ́ńbà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, ká ní 7 ni, ó lè jẹ́ 1947. Kì í sí lára gbogbo ẹ̀, ọwọ́ sì máa ń pa á rẹ́.

Ẹni tí owó 51 bá pọ̀ jù fún, kó wá gègé tí wọ́n ń pè ní Esterbrook J. Irin ni ẹnu tiẹ̀ kì í ṣe góòlù, àmọ́ èèyàn lè tú ẹnu yẹn kúrò kó fi òmíì sí i bí ìgbà téèyàn ń pààrọ̀ gílóòbù, nọ́ńbà sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí nọ́ńbà ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9 ló ní irin líle lórí góńgó, ẹ wá ìyẹn, àwọn yòókù tètè máa ń jẹ.

ỌmọTíṣà_Peckham
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù. Ìbéèrè kan, ọ̀gbẹ́ni kan níbi iṣẹ́ wa ní kí n wá 14K, àmì góòlù, lẹ́nu ẹ̀, pé góòlù yẹn nìkan tó owó ẹ̀. Mi ò rí 14K kankan níbẹ̀ o, àbí ayédèrú ni?

Lọ́yà_Àkúrẹ́
Ẹ ò lè rí i. Gbogbo ẹnu 51 ló wà nínú ike, àfi tí wọ́n bá tú u. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tú u fún yín nínú ṣọ́ọ̀bù torí kó lè rí 14K, wọ́n fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni, tí wọ́n bá fi tipátipá yí i, ó lè sán, kí góńgó sì wọ́ kúrò lójú ibi tó yẹ. Góòlù tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan rárá, ẹni tó bá ra gègé torí góòlù, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà ló yẹ kó lọ. Kódà 51 Special wà tí wọ́n gbé jáde ní 1950, irin tí wọ́n ń pè ní Octanium ni wọ́n fi ṣe ẹnu ẹ̀, ó sì ń kọ̀wé dáadáa. Parker 21 náà jọ ọ́ gan-an, irin Octanium yẹn náà ni, àmọ́ ike tiẹ̀ ò lágbára tó ti 51, ó máa ń sán níbi ẹnu. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i dáadáa kẹ́ ẹ tó san owó 51 fún 21. Gègé Hero ti Ṣáínà náà wà tó rí bákan náà láti òkèèrè.

Ẹ jẹ́ n sọ tilé wa náà. Àwa tá a wà ní Nàìjíríà ò ní ṣọ́ọ̀bù nǹkan àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ a ní àpótí àwọn bàbá wa. Bàbá tó ṣe tíṣà, tó ṣe akọ̀wé kọ́ọ̀tù, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ láyé ìjọsí, tẹ́ ẹ bá yẹ ìsàlẹ̀ àpótí ẹ̀ wò lábẹ́ ìwé ẹ̀rí àti fọ́tò ìgbéyàwó, gègé kan ò ní ṣàìsí níbẹ̀. Parker tí wọ́n ń rà lójú títì fi ṣe ẹ̀bùn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lónìí ńkọ́? Ayédèrú pọ̀ nínú ẹ̀ ju òjúlówó lọ, tẹ́ ẹ bá kọ̀wé fún ọ̀sẹ̀ kan, àwọ̀ góòlù ẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ yín.

Kẹ́hìndé_Gbẹdu
Mi ò fẹ́ bínú sí yín ṣùgbọ́n gbogbo gbẹdu yìí, torí pẹ́ẹ̀nì? Bíírò ń kọ̀wé, fóònù ń kọ̀wé. Ta ló ń kọ lẹ́tà mọ́?

Lọ́yà_Àkúrẹ́
Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀. Ẹ lọ jókòó.

Alákọ̀wé_Mọ́kọ́lá
😂😂 Kẹ́hìndé, ṣé o mọ̀ pé Parker 51 ni Eisenhower, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, gbé sókè fún àwọn oníròyìn nígbà tí Jámánì túúbá ní Reims nílẹ̀ Faransé lóṣù karùn-ún 1945? Bíírò tìẹ, kí ló ti parí rí?

ÌyáÌbejì_Houston
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti thread yìí pa o, mo ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́.

ỌmọTíṣà_Peckham
Mo ti rà á! £36 ni mo san. Ẹ jẹ́ n ròyìn. Mo bẹ ìyá yẹn lómi, ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé, mo bá ṣàlàyé fún un, ló bá gbé ife tíì wá. Mo tú ìdí ẹ̀, ọ̀pá irin yẹn ló wà níbẹ̀, Aerometric! Àyà mi já díẹ̀ torí nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kò sí nǹkan tó jáde, àmọ́ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ ni omi inú ife bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, ó ń rọra tàn ká láti ẹnu ẹ̀ bí èéfín, ìyá yẹn gan-an wá súnmọ́ tòsí, ó ń wò ó, ó ní òun ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣì wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Góńgó ẹ̀ pé. Ohun tí mo fi ná an ni pé ìdérí ẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ lápá kan, ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀ sì fín lẹ́tà mẹ́ta sí i lára. Ìyá náà fúnra ẹ̀ ló ní lẹ́tà yẹn ń jẹ́ kówó ẹ̀ wálẹ̀.

Ìbéèrè tó kù: báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́, irú tàdáwà wo ni kí n rà, ṣé kí n ha lẹ́tà yẹn kúrò?

Alákọ̀wé_Mọ́kọ́lá
Ẹ kú oríire o! Sandpaper lo máa fi ha á, wẹ́rẹ́ báyìí ni.

Bọ̀dáOnígègé
Ẹ GBÀGBÉ SANDPAPER. Tẹ́ ẹ bá ha á, ibẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án báyìí ẹ máa mọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á mọ̀. Lẹ́tà yẹn ò ní kó má kọ̀wé. Èmi tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó fi hàn pé ẹnì kan lò ó ní tòótọ́.

Fífọ̀: omi tútù tàbí èyí tó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ẹ má gbé e sómi gbígbóná láéláé. Ẹ fi ẹnu ẹ̀ nìkan sínú ife mọ́jú, ẹ ju ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárọ̀ kẹ́ ẹ fa omi sínú, kẹ́ ẹ tú u dànù, títí tó fi máa mọ́ gaara. Ó lè gbà tó ọjọ́ mélòó kan torí tàdáwà tó ti gbẹ láti ìgbà pípẹ́ máa ń kó sábẹ́ ike yẹn. Tí ò bá tíì mọ́, ẹ fi amóníà bín-ín-tín àti ọṣẹ ìfọbọ́ ẹ̀kán kan sínú omi púpọ̀, kẹ́ ẹ wá fi omi lásán ṣàn án dáadáa. Spirit àti ọtí líle ò gbọdọ̀ kàn án, ó ń ba ike jẹ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, gbogbo omi tí mo ń dárúkọ yìí, 51 ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí tẹ́ ẹ wá lọ ki gègé míì bọ omi, ẹ dúró. Ébónáìtì dúdú ayé àtijọ́, ìyẹn rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè, omi á sọ ọ́ di búráùn, tẹ́ ẹ bá sì fi àtàǹpàkò pa á ẹ lè gbọ́ òórùn imí ọjọ́ yẹn lára ẹ̀. Àwọn aláràbarà mìíì tún wà láti England tí wọ́n fi késììnì ṣe, ike inú wàrà màlúù nìyẹn, tó bá pẹ́ nínú omi á wú, á sì fẹ́jú. Sẹ́lúlọ́ìdì ní tiẹ̀ kò kórìíra omi tó bẹ́ẹ̀, iná ló kórìíra, ẹ má gbé e súnmọ́ àbẹ́là.

Màmá_Adé_Lewisham
Ẹ má bínú o, èmi ò mọ̀ nípa pẹ́ẹ̀nì, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta yẹn ń kọ mí lóminú. Nǹkan olóògbé tẹ́ ò mọ̀ rí lẹ fẹ́ máa fi kọ orúkọ ara yín? Ọmọ mi, rọra fi iyọ̀ sómi kó o fi fọ̀ ọ́, kó o gbàdúrà lé e kó o tó lò ó.

Bọ̀dáOnígègé
Mà, ẹ jọ̀ọ́, àdúrà nìkan. Iyọ̀ á jẹ irin inú ẹ̀ 🙏

ỌmọTíṣà_Peckham
😂 Ẹ ṣé Mà, mo ti gbàdúrà sí i. Lẹ́tà máa wà níbẹ̀.

Lọ́yà_Àkúrẹ́
Lórí tàdáwà: Quink lásán ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ilé iṣẹ́ Parker náà ló ṣe é láti 1931, Pelikan 4001 àti Waterman náà dáa. Búlúù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, ó rọrùn láti fọ̀ kúrò, pupa máa ń fi àwọ̀ sílẹ̀ nínú àpò. Indian ink tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń lò, ẹ má gbé e wọlé rárá, oje tó wà nínú ẹ̀ máa ń gbẹ di bíi lẹ́ẹ̀, gègé náà parí nìyẹn. Àwọn èyí tó ń tàn yinrinyinrin tó wọ́pọ̀ lórí Instagram báyìí, ẹ fi sílẹ̀ fún gègé tuntun tó rọrùn láti tú.

Bébà náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí tàdáwà ń fọ́n ká lórí ẹ̀ tó sì yọ sẹ́yìn, ẹ máa rò pé gègé ló bàjẹ́, bébà ni. Ẹ dán an wò lórí bébà tó ki kẹ́ ẹ tó dá gègé lẹ́bi.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ nílé nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹ rọ ọ́ kún dẹ́nu tàbí kẹ́ ẹ tú u gbẹ, kẹ́ ẹ sì dojú ẹ̀ kọ òkè nínú àpò. Ìlàjì ló ń dá wàhálà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á gbòòrò lókè lọ́hùn-ún, á ti tàdáwà jáde sínú ìdérí, tẹ́ ẹ bá wá ṣí i láti kọ fọ́ọ̀mù ìwọ̀lú, ìka yín á mọ̀ ọ́n.

ÌyáÌbejì_Houston
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ibo ló tún dáa láti wá a yàtọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù? Mò ń bọ̀ lóṣù kẹjọ.

Bọ̀dáOnígègé
Ọjà ojú ọ̀nà Portobello lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ àwọn àlejò ti jẹ́ kí owó ibẹ̀ gbóná. Bermondsey lọ́jọ́ Fráìdè sàn jù, kẹ́ ẹ tètè dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, tó bá fi máa di ọ̀sán ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti palẹ̀ mọ́. Ẹ má dárúkọ Parker lójú wọn o. Ẹ kàn bi wọ́n pé "kí lẹ ní nínú gègé," torí ẹni tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ fún, owó á ti yí padà lẹ́nu ẹ̀. Tó bá kó mélòó kan síbì kan náà tó sì ń tà wọ́n pọ̀, ẹ wo ibẹ̀ dáadáa, ọ̀kan tó dáa lè wà láàárín àwọn tó ti bàjẹ́, tí kò bá sì sí, ẹ ti rí ìdérí àti kílíìpù tẹ́ ẹ lè yọ lò.

Ọmọ_Hẹdímásítà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n wa. Ọ̀rọ̀ àpótí tí Lọ́yà sọ ló jẹ́ kí n lọ wá nínú ẹrù bàbá mi l'Abẹ́òkúta. Mo rí gègé Conway Stewart kan, àwọ̀ ewé pẹ̀lú ìlà dúdú, irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ téèyàn ń fi èékánná gbé sókè. Irin yẹn le, kò gbé rárá. Ṣé kí n fi ọ̀bẹ gbé e?

Bọ̀dáOnígègé
Rárá, mú ọwọ́ kúrò níbẹ̀ ná. Gbé e súnmọ́ etí kó o mì í. Tó bá ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ nínú, àpò rọ́bà ẹ̀ ló ti gbẹ tó sì ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Tí ò bá dún, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà yẹn ti le gbagidi mọ́bẹ̀, òun ni ò jẹ́ kí irin gbé. Tó o bá fi ọ̀bẹ gbé e, irin á ṣẹ́ tàbí kí ara gègé sán láti ojú ihò yẹn, èyí tó sì ti sán níbẹ̀ ṣòro láti tún ṣe. Ìtúnṣe ẹ̀ ò le: wọ́n á fi híádáráyà mú ọrùn ẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, kò gbọdọ̀ gbóná, wọ́n á rọra fà á yọ, wọ́n á ha rọ́bà àtijọ́ kúrò, wọ́n á fi ṣẹ́láàkì lẹ àpò tuntun mọ́ ọn. Àpò yẹn ò wọ́n, wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láti ibí, àmọ́ ó ní sáìsì, wọn ọrùn ẹ̀ ná.

Ká tó dé ibẹ̀ ṣá, ya fọ́tò ẹ̀ síbí, ti ara ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí, torí ó lè jẹ́ késììnì. Má fọ̀ ọ́ o.

Ọmọ_Hẹdímásítà
Ó ti yé mi sà. Iná ò sí báyìí, tó bá dé máa ya á.